Ìgbà Wo Ni Panápaná Ń Wọlé Lọ Bá Iná, Ìgbà Wo Ni Wọ́n Ń Dúró Síta?

Níbi tí iná bá ti ń jó ilé ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, kì í pẹ́ tí ọkọ̀ panápaná bá dé tán tí ariwo kan fi ń sọ láàárín àwọn èrò: "Ẹ wọlé! Kí lẹ dúró síta ń ṣe?" Nígbà mìíràn, òkò ni yóò tẹ̀ lé e. N kò dá àwọn tó ń pariwo lẹ́bi (òkò ni n kò fara mọ́), nítorí pé ẹni tí dúkìá rẹ̀ ń jóná kò lè fara balẹ̀ wo panápaná tó ń fi rọ́bà omi rẹ ilé aládùúgbò tí iná kò tíì fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n ohun tó dà bí ìlọ́ra lójú èrò yẹn, ìpinnu ni, ọ̀gá panápaná sì ti ṣe é láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀: kí wọ́n gbé omi wọlé lọ bá iná níbi tó wà, kí wọ́n dúró síta, kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí iná náà kọjá ibi tó dé, tàbí kí wọ́n kọ́kọ́ ta omi sí i láti ìta fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, kí wọ́n tó wọlé lọ parí rẹ̀. Ìṣirò ni wọ́n fi ń mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìgboyà kì í sì í sí nínú ohun tí wọ́n ń ṣírò.

Kí ìṣirò náà tó lè yé ni, ó yẹ kí a mọ ohun tí iná ń ṣe nínú yàrá. Bí àga kan bá gbaná, ooru àti èéfín rẹ̀ á gòkè lọ sí abẹ́ àjà, á tẹ́ síbẹ̀ bí ìkuukùu, á sì máa nípọn bọ̀ nísàlẹ̀. Èéfín yẹn fúnra rẹ̀ lè jóná, nítorí pé pákó, aṣọ àti fóòmù tí ooru ti yọ́ di afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ooru abẹ́ àjà bá ti tó nǹkan bí 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gbogbo ohun tó wà nínú yàrá, láti orí ibùsùn títí dé kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀, á gbaná lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó máa wà nínú yàrá bẹ́ẹ̀ tí yóò yè é, ìbáà jẹ́ panápaná tó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ pé. Iléeṣẹ́ ìwádìí UL ní Amẹ́ríkà ti dáná sun àwọn yàrá ìgbàlejò láti fi wọn àkókò yìí. Èyí tí wọ́n kó àga àti aṣọ irú ti àtijọ́ sí, tó jẹ́ igi àti òwú, lò tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kó tó gbaná pátápátá. Èyí tó kún fún fóòmù àti ọ̀rá òde òní kò lò tó ìṣẹ́jú 5. Bí a bá wá ka àkókò tí ẹnìkan fi rí èéfín, tó fi tẹ 767 tàbí 112 ní Èkó, tí ọkọ̀ sì fi la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá, a ó rí i pé iná tí panápaná ń bá nílé ti dàgbà kí wọ́n tó dé.

Afẹ́fẹ́ náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ti fi èédú dáná rí mọ̀ pé abẹ̀bẹ̀ ló ń jí ẹyinná tó fẹ́ kú. Ilé tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, tí iná ti jẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, dà bí ẹyinná tí eérú bò: ó dákẹ́, ṣùgbọ́n kò kú. Aládùúgbò tó bá fi òkúta fọ́ fèrèsé rẹ̀ kí omi tó wà ní sẹpẹ́, abẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rò pé òun ń la ọ̀nà fún àwọn tó há sínú.

Ìdí nìyí tí ọ̀gá panápaná kì í fi í kọ́kọ́ ta omi. Bí ọ̀nà bá gbà á, yóò yí ilé náà po ní ẹsẹ̀, nítorí pé iwájú ilé lè máa rú èéfín díẹ̀ nígbà tí ẹ̀yìnkùlé ti di iná. Yóò wo èéfín bí babaláwo ṣe ń wo ọpọ́n. Èyí tó fúyẹ́ tó ń rọra yọ lábẹ́ òrùlé ń sọ pé àyè ṣì wà. Èyí tó dúdú, tó nípọn, tó ń tú jáde tagbáratagbára ń sọ pé ooru inú ilé ti fẹ́ dé òtéńté. Èyí tó ń jáde díẹ̀ tó tún ń fà padà sínú, bí ẹni tó ń mí, ń kìlọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni iná ń wá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ilẹ̀kùn náà láìnídìí. Lẹ́yìn náà ni yóò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tó le jù, èyí tó yàtọ̀ sí ohun tí èrò ń bèèrè. Èrò ń bèèrè bóyá ènìyàn wà nínú ilé. Òun ń bèèrè bóyá ibì kan ṣì wà nínú ilé náà tí ènìyàn ti lè máa mí. Nínú yàrá tó ti gbaná tán, ìdáhùn ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú yàrá kejì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, ìdáhùn lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kódà nígbà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ti di ààrò.

Alan Brunacini, tó ṣe olórí àwọn panápaná ìlú Phoenix ní ìpínlẹ̀ Arizona fún ọ̀pọ̀ ọdún, sọ ìlànà kan di mímọ̀ tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ panápaná ń tẹ̀ lé. Bí ẹ̀mí tó ṣeé gbà là bá wà nínú ilé, panápaná lè fi ara wọn wewu púpọ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ètò. Bó bá jẹ́ dúkìá tó ṣì ṣeé gbà là ló kù, ewu díẹ̀ ló yẹ kí wọ́n dágbá lé. Bó bá jẹ́ ohun tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọn kò gbọdọ̀ fi ẹ̀mí kankan wewu nítorí rẹ̀. Ìlànà náà dà bí ohun tí ọmọdé lè sọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé inú èéfín àti ariwo ni ọ̀gá náà yóò ti mọ èwo ni ó dé bá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Wíwọlé lọ bá iná ló ń yá jù láti gba ẹ̀mí là, nígbà tí iná bá ṣì wà ní yàrá kan tàbí méjì, tí ilé dúró dáadáa, tí omi sì wà. Ó kéré tán, ènìyàn méjì ló ń wọlé pọ̀. Òfin ààbò iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé méjì mìíràn gbọ́dọ̀ dúró síta pẹ̀lú ìmúra kan náà láti lọ fà wọ́n yọ, àfi tí ẹ̀mí kan bá wà nínú ilé tí kò ṣeé fi falẹ̀. Wọn kì í nàró wọlé. Ìrákòrò ni wọ́n ń rá, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ibi tó tutù jù, òkùnkùn èéfín sì lè pọ̀ débi pé ẹni tó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ síwájú ojú kò ní rí i. Rọ́bà omi tó wà lọ́wọ́ wọn ni ohun ìjà, òun náà ni wọ́n sì máa tọ̀ jáde bí ọ̀nà bá pòórá. Àgbá afẹ́fẹ́ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn, tí wọ́n sábà máa ń pè ní ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kì í tó bẹ́ẹ̀ lójú iṣẹ́, nítorí pé ẹni tó ń fa rọ́bà tó kún fún omi nínú ooru ń mí ju ẹni tó jókòó lọ. Bí wọ́n bá dé ẹnu yàrá tó ń jó, wọ́n á wo bí ilẹ̀kùn ṣe gbóná tó, wọ́n á ṣí i díẹ̀, wọ́n á ta omi sí abẹ́ àjà, wọ́n á sì wo ohun tí èéfín máa fi dáhùn kí wọ́n tó tún rá síwájú. Omi náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀: lítà kan tó bá hó gbẹ á di nǹkan bí 1,700 lítà ooru omi, irú èyí tó ń rú lórí ìkòkò, nítorí náà ẹni tó bá da omi bo iná láìwo ibi tí ooru náà máa gbà jáde lè fi bọ ara rẹ̀ àti ẹni tó wá gbà là.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú jù, kódà láàárín àwọn panápaná fúnra wọn, ni títa omi láti ìta kí wọ́n tó wọlé. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ pé ẹni tó bá ta omi gba ojú fèrèsé wọlé yóò ti iná náà síwájú, yóò sì lé e bá àwọn tó há sínú yàrá mìíràn. Ní oṣù keje ọdún 2012, iléeṣẹ́ panápaná New York darapọ̀ mọ́ UL àti NIST, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí òṣùwọ̀n, wọ́n sì dáná sun àwọn ilé kan tí kò sí ẹni tó ń gbé inú wọn mọ́ ní erékùṣù Governors Island. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wọn ooru sínú àwọn yàrá, wọ́n sì ta omi wọlé láti ìta. Iná kò sá wọ inú lọ. Ooru yàrá tó ń jó já wálẹ̀, ti àwọn yàrá tó wà nítòsí rẹ̀ náà sì já wálẹ̀.

Kí ló wá fà á tí àwọn àgbà panápaná fi ń búra pé àwọn ti fojú ara àwọn rí i tí omi lé iná? Wọn kò purọ́. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n rí. Omi tí wọ́n fọ́n bí ọ̀wààrà, tàbí tí wọ́n ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú fèrèsé, máa ń fa afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé pẹ̀lú ara rẹ̀, á sì tún dí ẹnu ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde. Ẹni tó bá ti fi nǹkan dé orí gíláàsì àtùpà rí mọ bí èéfín ṣe ń yí padà sísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ta á nísinsìnyí yàtọ̀. Panápaná á súnmọ́ ìsàlẹ̀ fèrèsé, á na ẹnu rọ́bà sókè ṣánṣán, á sì jẹ́ kí omi náà lọ tààrà bí ọ̀pá láti lu àjà, láìmì ín rárá. Omi tó lu àjà á fọ́ wẹ́wẹ́, á rọ̀ bí òjò sórí àga àti ibùsùn tó ń jó, nígbà tí èéfín ṣì ń ráyè jáde gba òkè fèrèsé kan náà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún irú omi bẹ́ẹ̀ lè sọ yàrá tí kò ṣeé wọ̀ di èyí tó ṣeé wọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e wọlé, nítorí pé iná tí wọ́n rọ̀ lójú lásán yóò tún jí. Àwọn kan ṣì ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí títí di òní. Ní tèmi, ẹ̀rí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún iná yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí ọkọ̀ dúró sí. N kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún iná tó fara pamọ́ sí àárín gbùngbùn ilé, níbi tí omi ìta kò lè dé, tàbí ibi tí ẹni tó há wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí panápaná lè fi ìṣísẹ̀ mélòó kan dé.

Dídúró síta pátápátá wá ńkọ́? Èyí ló ń bí àwọn èrò nínú jù, ìṣirò rẹ̀ ló sì ṣe kedere jù. Láàárín àwọn ọdún 1950, Keith Royer àti Floyd Nelson ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Iowa gbé ọ̀nà ìṣirò kan jáde tó rọrùn: kí a wọn gígùn, ìbú àti gíga àyè tó ń jó ní ẹsẹ̀ bàtà, kí a fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, kí a sì pín in sí 100. Ohun tó bá jáde ni iye gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà tí iná náà ń bèèrè ní ìṣẹ́jú kan. Yàrá tó jẹ́ 12 sí 12, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 10, á bèèrè gálọ́ọ̀nù 14 àti díẹ̀, èyí tí kò ju lítà 55 lọ. Rọ́bà kan ṣoṣo tó ń tú nǹkan bí 570 lítà jáde ní ìṣẹ́jú kan ju agbára rẹ̀ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n kí a mú ilé ìkẹ́rù tó jẹ́ 100 sí 60, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 20, tí iná ti gbà tán. Ó di gálọ́ọ̀nù 1,200, tó ju lítà 4,500 lọ, ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà ọlọ́wọ́ mẹ́jọ ni yóò gbà. Bí ọkọ̀ panápaná kan bá gbé 10,000 lítà wá, omi rẹ̀ á tán kó tó di ìṣẹ́jú mẹ́ta, bí kò bá sì sí ẹnu ẹ̀rọ omi lójú títì, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ lọ bu òmíràn wá. Omi tó bá kéré sí ohun tí iná ń bèèrè, gbígbẹ ló ń gbẹ kó tó kan ohun tó ń jó. Ọ̀gá tó bá rí i pé omi òun kò lè tó fún ilé tó ń jó, ṣùgbọ́n tó tó láti mú ògiri ilé kejì tutù, ilé kejì ni yóò gbà là. Ohun tí èrò rí nìyẹn tí wọ́n fi ń pariwo.

Ìwúwo náà wà nínú ìṣirò. Irin tó ti gbóná tó 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius ti pàdánù nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀, ìyẹn sì kan irin òrùlé àti irin tí wọ́n sìn sínú dẹ́kìn. Omi 4,500 lítà jẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀, tí wọ́n ń gbé sórí dẹ́kìn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ẹrù aṣọ bá wà lókè, aṣọ á mu omi náà, kò ní jẹ́ kó ṣàn jáde. Nígbà tí iná jó àwọn ilé alájà ní ọjà Balógun ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, irú ilé tí mò ń sọ yìí ni: ọjà kún un láti ìsàlẹ̀ dókè, àwọn òpópónà rẹ̀ há, èrò sì pọ̀. Bí panápaná bá ti rí ògiri tó ń là, tàbí òrùlé tó ń tẹ̀, wọ́n á lé gbogbo ènìyàn sẹ́yìn tó ìwọ̀n gíga ilé náà àti ààbọ̀ rẹ̀, nítorí pé ògiri lè wó jìnnà ju gíga rẹ̀ lọ bí bíríkì rẹ̀ bá fọ́n ká. Bí ilé náà bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 60, a ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 90. Ní òpópónà ọjà, ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ inú ilé ẹlòmíràn.

Ọ̀nà tí wọ́n kọ́kọ́ yàn lè yí padà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, bí kò bá sì yí padà nígbà tó yẹ, ẹ̀mí ló ń lọ sí i. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2007, iná bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé ìtajà àga kan tí wọ́n ń pè ní Sofa Super Store ní ìlú Charleston, ìpínlẹ̀ South Carolina. Panápaná wọlé lọ bá a. Fóòmù ló kún ilé ìtajà náà, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé òrùlé rẹ̀, omi tó dé ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n fọ́ fèrèsé iwájú, afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà. Panápaná mẹ́sàn-án kú sínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé ìtajà kan wà tó há sẹ́yìn ilé. Ògiri ni wọ́n dá lu láti ìta kí wọ́n tó fà á yọ láàyè.

Ti Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ni mo máa ń rántí jù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1999, ẹnìkan tó ń kọjá lọ rí èéfín lórí ilé ìkẹ́rù alájà mẹ́fà kan tó ti wà láti ọdún 1906, tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹran sínú òtútù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tó ti dahoro. Torí òtútù tí wọ́n fẹ́ tì mọ́ inú rẹ̀, ilé náà kò ní fèrèsé tó tó nǹkan, ògiri rẹ̀ nípọn, wọ́n sì fi ọ̀dà àti fóòmù tẹ́ inú rẹ̀. Wọ́n sọ fún àwọn panápaná pé àwọn aláìnílé kan ń sùn níbẹ̀. Ẹ̀mí wà nínú ìṣirò, wọ́n sì wọlé. Ní àkọ́kọ́, inú ilé mọ́lẹ̀ díẹ̀, kò jọ ibi tí wọ́n lè kú sí. Lójijì ni èéfín sọ̀ kalẹ̀ bò wọ́n mọ́lẹ̀, àwọn méjì kò sì rí ọ̀nà mọ́. Wọ́n ké nínú rédíò pé afẹ́fẹ́ àwọn ń tán. Àwọn mẹ́rin mìíràn tó lọ wá wọn náà kò jáde. Àwọn tó kù ń to wọlé ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, gbogbo wọn ló fẹ́ lọ fa ará iṣẹ́ wọn yọ, àfìgbà tí Mike McNamee, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn, dúró sí ẹnu ọ̀nà, tó sì kọ̀ fún wọn. Ó mọ̀ pé mẹ́fà wà lókè. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bọ́ síta, tí wọ́n ń ta omi ńlá sí i láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi wá òkú wọn kí wọ́n tó rí wọn tán.

Àwọn aláìnílé méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí panápaná tìtorí wọn wọlé ti jáde kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé. Àbẹ́là wọn tó ṣubú ló dá iná náà, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ẹnu èrò lè yí ìṣirò náà padà, ṣùgbọ́n "Ẹ wọlé!" kò sí lára rẹ̀. Ohun tí ọ̀gá panápaná ń dẹtí sí ni irú gbólóhùn yìí: "Ìyá wa wà ní yàrá kẹta lápá ọ̀tún, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, a gbọ́ ohùn wọn kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún, irin wà lójú fèrèsé, sílíńdà gáàsì méjì sì wà nínú kíṣìnì lẹ́yìn." Bó bá gbọ́ èyí, yóò mọ apá tí wọ́n máa gbé rọ́bà gbà, yóò mọ̀ pé kí ẹnìkan lọ mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin, kò sì ní tíì pé ìṣẹ́jú kan tí àwọn méjì á fi wà lórí eékún lẹ́nu ọ̀nà.